Ìwé sí Ìbíyẹmí, Kó Tó Wọ Èkó

Ìbíyẹmí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́.
O ní ọjọ́ kan ṣoṣo lo ní l'Ékòó,
ọjọ́ kan, láàárín ìdánwò rẹ àti ọkọ̀ Òkèihò,
kí n sọ ohun tí o máa wò, tí o máa rà, tí o máa jẹ.
Ogójì ọdún ni mo fi tún aago ṣe ní àdúgbò Máátíìnì.
Má fi wákàtí ṣeré lọ́dọ̀ mi.

Tètè jí. Kí aago méje tó lù, kí o ti wà ní Màrínà
nígbà tí ọ̀sà ṣì ń fi ìkùukùu bora,
tí àwọn apẹja ń gbọn àwọ̀n
bí ìgbà tí ìyá ń gbọn ẹní ọmọ tó tọ̀ sílé.
Wò ó tán kí o tó ya fọ́tò.
Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran;
irọ́ ni, fóònù ni kò jẹ́ kó ríran.

Wọ bàtà pẹlẹbẹ.
Èyí tó ga gogoro tí o wọ̀ lọ́jọ́ ìkómọ yẹn,
Balógun á ti jẹ gìgísẹ̀ rẹ̀ kí oòrùn tó kanrí.
Pín owó rẹ sọ́nà mẹ́ta: àpò, àyà, ìbọ̀sẹ̀.
Bí wọ́n bá fà ọ́ lápá, "Sísí, wá wo nǹkan,"
má bínú, má sì dáhùn:
ẹni tó bá dáhùn ti ra ìdajì.
Bí wọ́n bá pe àǹkárá ní ẹgbàá mẹ́wàá,
pe ẹgbàá mẹ́rin, rẹ́rìn-ín, kí o yí ẹsẹ̀ padà.
Ìpè kejì ni iye rẹ̀ gan-an.
Fa fọ́nrán òwú kan yọ létí aṣọ náà, ṣáná sí i:
òwú gidi a di eérú,
ayédèrú a ká kò, a di kókó bí ike.

Láti ibẹ̀, fẹsẹ̀ rìn lọ sí Kámpọ́ọ̀sì.
Gbójú sókè, Ìbíyẹmí!
Ìsàlẹ̀ ilé Èkó, ti oníṣòwò ni;
òkè rẹ̀ ni ti ẹni tó kọ́ ọ.
Wá ilé kan tó ní àwọ̀ ìbẹ́pẹ,
tí àwọn Àgùdà gbẹ́ òdòdó sórí fèrèsé rẹ̀,
òdòdó méje, ìkeje ò parí.
Abẹ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀;
òjò ń rọ̀, aago ọwọ́ rẹ̀ sì ti kú.

Ebi á ti máa pa ọ́.
Béèrè Màmá Filomẹ́nà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.
Kò ní pátákó; èéfín ni pátákó rẹ̀.
Ọpẹ́ ni pé Jímọ̀ lo ń bọ̀,
torí Jímọ̀ nìkan ló ń se fùrèjọ̀n,
ẹ̀wà tó kúnná, tó mu omi àgbọn yó,
pẹ̀lú ẹja díndín tí ata rẹ̀ ń sọ òkò ọ̀rọ̀.
Bí o bá ní o yó, á tún bù sí i.
Nítorí náà, má jẹ òwúrọ̀.
Ra gúrúdì méjì bí o bá ń jáde,
ọ̀kan tìrẹ, ọ̀kan tèmi.

Má wá mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ti kó irinṣẹ́ nílẹ̀.
Ọmọ alájọgbé mi, Kòfowórọlá, ló ń bá mi kọ ìwé yìí;
òun náà ló ka tìrẹ sí mi létí.
Aago mẹ́rin, bẹ́ǹṣì kejì létí omi,
níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra lọ Àpápá:
èmi ni bàbá tó dé fìlà aláwọ̀ ewé.
Ìwọ ni kí o kọ́kọ́ kí mi, mi ò ní dá ọ mọ̀.
Jókòó, kí o sọ fún mi
bóyá ilé aláwọ̀ ìbẹ́pẹ náà ṣì dúró,
bóyá ẹnì kan ti parí òdòdó keje.
Má parọ́ tìtorí àánú.

Kí gúrúdì náà má sì rọ̀ o.
Eyín mi ṣì pé.