Fóòmù Inú Páálí Tẹlifíṣọ̀n

Ọdún tí Gàníyù ẹ̀gbọ́n mi ra tẹlifíṣọ̀n láwìn,
páálí rẹ̀ ga jù mí lọ.
Wọ́n fa fóòmù funfun jáde, ó ń dún kíwínkíwín,
hóró rẹ̀ lẹ̀ mọ́ wa lápá bí ìrẹsì tí kò ní ìwọ̀n.
Ìyá wa ní ká lọ dà á nù.
Bàbá Ràímì, àbúrò bàbá wa, ní, “Ẹ mú un wá.”

Ó gé e bí ẹni ń gé búrẹ́dì,
ó so ó mọ́ etí òkè àwọ̀n,
ó so òjé mọ́ etí ìsàlẹ̀.
Ní ìdájí a tukọ̀ kúrò ní Jàsín,
kùrukùru bo ẹsẹ̀ afárá Àjàṣẹ́,
òjé wọlé lọ láìkí ẹnikẹ́ni,
fóòmù jókòó sórí ọ̀sà bí ẹni tó ti sanwó ilé.

“Bàbá, òjé tí kò ju èékánná mi lọ, ó rì.
Fóòmù tó tóbi tó orí mi, kò rì. Kí ló dé?”

Kò dá mi lóhùn. Okùn kan lọ́, ó ń tú u.
Ó pẹ́ kó tó ní:
“Omi ti wà níbẹ̀ kí o tó dé.
Bí o bá fẹ́ wọlé, àfi kí o ti díẹ̀ nínú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
Kò ní bá ọ jà. Yóò kàn wọ̀n ọ́ ni.
Bí omi tí o tì kúrò bá ṣe wúwo tó,
bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe fi agbára tì ọ́ padà sókè.
Òjé yìí ti omi ìdérí ìgò kan kúrò,
òun fúnra rẹ̀ sì wúwo tó ìdérí omi mọ́kànlá.
Kí ló fẹ́ gbà á sílẹ̀?
Fóòmù ní tirẹ̀, kò tíì rì tó ìbú ìka kan
tí omi fi ní, ó tó, dúró síbẹ̀.”

Mo ní ó yé mi. Kò yé mi.
Mo rò pé ara fóòmù gan-an ni omi kò fẹ́.

Mo kó àjẹkù rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀,
mo gbé e lọ bá Sẹ̀nàmí, tó ń ta epo payó nínú ìgò
lọ́nà Wàǹdó. Ó bu díẹ̀ sínú agolo,
ó ní òun ò gbọ́dọ̀ rí iná níbẹ̀.
Mo ń ju fóòmù sí i, ó ń hó, ó ń yọ́,
agolo kan gbé odindi apẹ̀rẹ̀ mì!
Ohun tó kù dì bí àtè.
Mo sá a sórí páànù fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó le,
kò ju ẹ̀kùrọ́ lọ.
Mo gbé e dé etí ọ̀sà, mo sọ ọ́ sómi.

Ó rì.

Kò yára bí òjé. Ó rọra ń lọ bí ẹni tó ń ronú,
ṣùgbọ́n ó rì.
Mo dúró nínú ẹrẹ̀, mo ń wo ibi tó gbà.
Ara kan náà mà ni. Ohun tó kúrò nínú rẹ̀
kò ju afẹ́fẹ́ lọ, afẹ́fẹ́ inú àwọn yàrá wẹ́wẹ́
tí kò ní ilẹ̀kùn, tí kò ní fèrèsé,
àìmọye wọn, nínú ègé kan ṣoṣo.

Ìyá wa a máa ní Bàbá Ràímì fúyẹ́:
kò ní ilẹ̀, kò ní oko, kò mọ bí a ṣe ń bínú sùn.
Láti ọjọ́ náà n kò bá a sọ ọ́ mọ́.

Tẹlifíṣọ̀n kú kí Gàníyù tó san gbèsè rẹ̀ tán.
Fóòmù ṣì wà létí àwọ̀n. Ewé omi ti hù sí i lára,
akàn ti gé e jẹ níhìn-ín lọ́hùn-ún.

Lánàá mo ń la ẹja epìyà. Hóró funfun kan
bọ́ láti inú ìfun rẹ̀.
Mo jù ú sínú abọ́ omi.
Ó léfòó.