Ìwé Owó

Èmi ni mo ń tẹ ìwé owó gbogbo wọn
ní yàrá ìsàlẹ̀ gbọ̀ngàn ìlú Duluth,
ojú mi ti rí iye tí ẹnu mi ò gbọdọ̀ sọ.

Verlyn Haugen: ọdún mẹ́tàlélógún.
Òun ló ń wa ọkọ̀ tí ń ha ìrì dídì kúrò ní òkè Mesaba,
níbi tí títì ti dà bí ògiri tí wọ́n fi òróró pa.
Ó mọ ohùn tí ẹ́ńjìnnì ń fọ̀ nígbà tó bá fẹ́ kú.
Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì ò mọ nǹkan kan mọ́,
òtútù ọdún kan ló gbà wọ́n.
Dọ́là mọ́kàndínlọ́gbọ̀n àti sẹ́ńtì mẹ́rìnlá, wákàtí kan.

Teegan Kolquist: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.
Dọ́là mọ́kànlélọ́gbọ̀n,
àti ẹgbẹ̀rún mẹ́ta tí wọ́n fi kí i káàbọ̀.
Ta ló ń kọ́ ọ níṣẹ́?
Verlyn ni.

Wọ́n ní bí ọmọdé láṣọ tó àgbà, kò lè lákìísà tó àgbà.
Ìlú dá aṣọ tuntun fún ọmọdé,
ó ní kí àgbà máa fi àkísà yangàn.

Ọ̀gá ní owó tí wọ́n ń san níta ló fà á,
pé bí a ò bá gbé e sókè, kò sẹ́ni tí yóò wá.
Òótọ́ ni. Lọ́dún tó kọjá ọkọ̀ mẹ́rin dúró láìní awakọ̀.
Ṣùgbọ́n ẹni tó ti wá, tí kò lọ ńkọ́?
Nígbà tó pé ogún ọdún, wọ́n fún Verlyn ní ife,
wọ́n kọ “A dúpẹ́” sí i lára.
Ó ń fi bu iyọ̀ dà sórí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì kan, Teegan gbàgbé ìwé rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ kọfí.
Verlyn kà á. Ó ká a sí mẹ́rin.
Ó ní, “Ìwọ lo ni èyí.”

Lóru ọjọ́ náà ìrì dídì bọ́ bí ìgbà tí tìmùtìmù bẹ́.
Teegan ló di ọkọ̀ mú, Verlyn jókòó tì í.
Ìdérí ihò kan wà nísàlẹ̀ òkè tó yọrí díẹ̀,
abẹ ọkọ̀ kọ lù ú nígbà kan, ó fọ́ àyà awakọ̀.
Wọ́n ń sún mọ́ ọn. Verlyn dákẹ́.
Ó dákẹ́ tó ìgbà tí èèyàn fi ń ka ìwé owó.
Ó ní, “Gbé abẹ sókè. Báyìí.”

Teegan ló sọ ọ́ fún mi lójú fèrèsé lọ́jọ́ Ajé.
Ó ní ṣé mo lè yọ dọ́là kan nínú tòun
kí n fi kún ti Verlyn.
Mo rẹ́rìn-ín.
Lẹ́yìn náà mo wo fọ́ọ̀mù látòkè délẹ̀.
Kò sí àyè fún un.

Èmi náà? Ọdún mọ́kàndínlógún.
Akọ̀wé tuntun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀,
mo ti nu àga rẹ̀, mo ti wá péènì sí i.
Èmi ni mo tẹ lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á.
Mo tẹ iye rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì,
mo rò pé ọwọ́ mi ló ṣìṣe.