Ọdún Tí Ilẹ̀ Tutù

Nílé wa, a kì í pe àrùn náà lórúkọ.
Ilẹ̀ gbígbóná là ń pè é,
bí ajigbèsè tí ń yọ́ gba ẹ̀yìnkùlé olówó.
Dahabo kò gbọ́ èdè wa,
ṣùgbọ́n lẹ́bàá kànga oníyọ̀ kan ní gúúsù Sòmálíà
òun náà rẹ ohùn sílẹ̀
nígbà tí Guled, tí ń gún abẹ́rẹ́ àjẹsára, fi àwòrán kan hàn án:
ojú ọmọdé kan tí egbò ti fi ṣe oko.
"Ǹjẹ́ ẹ ti rí irú èyí ní àgọ́ yín?"
Ó ní, "Ràkúnmí wa mẹ́ta ló kú.
Ìyẹn ni kí o bi mí."

Ọdún 1977 ni.
Ní oṣù kejì rẹ̀, àwọn kan ká ẹsẹ̀ kò sínú ọkọ̀ irin roboto,
wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ òkun ní ìhà Galápágọ́ọ̀sì,
níbi tí oòrùn kò yọjú sí rí láti ìgbà ìwáṣẹ̀.
Ilẹ̀ ń mí èémí gbígbóná níbẹ̀.
Omi ń rú jáde láti inú àpáta tó sán,
ìkarawun funfun tò yí i ká, ó tó àwo ìjẹun,
aràn pupa gbọọrọ dúró ṣánṣán,
kò lẹ́nu, kò níkùn,
ohun tí ilẹ̀ ń bì ló fi ń ṣẹ̀mí.
Ta ló sọ pé ooru ilẹ̀, ikú nìkan ló ń bí?

Guled kò gbọ́ ìròyìn aràn.
Abẹ́rẹ́ tirẹ̀ kò ju ìka ọmọdé lọ,
ẹnu rẹ̀ là sí méjì bí ìrù alápàáǹdẹ̀dẹ̀.
Ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún ló ń gún apá kan.
Ó ń kà á sókè kí àwọn ọmọ lè bá a kà,
wọ́n á dé orí ẹẹ́sàn-án kí ẹkún tó gba ẹnu wọn.
Abẹ́ Láńróhà ló ń sùn.
Ogun ń bẹ lẹ́nubodè, àwọn ogunléńdé ń wọlé
láìsí ìwé, láìsí àpá abẹ́rẹ́,
darandaran kì í sì í dúró de ìjọba.
Ìgbẹ́ ràkúnmí ló ń tẹ̀ lé,
á fọwọ́ kàn án bóyá ó ṣì rọ̀,
kó lè mọ bí wọ́n ti jìnnà tó.

Oṣù kẹjọ, ọkọ̀ òfuurufú kan gbéra ní Fulórídà.
Èkejì gbéra ní oṣù kẹsàn-án.
Kò láwakọ̀, kò ní ìdíkọ̀, kò ní padà wálé mọ́.
Wọ́n so àwo olóhùn mọ́ ọn lára, wọ́n fi wúrà bò ó,
wọ́n kí ojú ọ̀run ní èdè márùndínlọ́gọ́ta,
kí ará ibẹ̀, bí ará bá wà,
má baà ní a kò mọ ẹni í kí.
Mo wá èdè Dahabo níbẹ̀, n kò rí i.
Mo wá tèmi.
N kò bínú o.
Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ kí aládùúgbò tí ẹ ò mọ̀,
kí lẹ wí fún ẹni tí a jọ ń fa omi nínú kànga kan?

Dahabo. Wúrà ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀.
Kò sẹ́ni tó fi í ránṣẹ́ síbì kankan.

Oṣù kẹwàá parí. Kò sí agogo tó dún.
Bí àlejò burúkú bá lọ, ta ní í mọ ìṣẹ́jú tó rékọjá ìloro?
Guled kò gbà gbọ́. Ọdún méjì ló tún fi rìn,
ó ń na àwòrán yẹn sí gbogbo ojú tó bá pàdé,
títí ó fi tún kan àgọ́ Dahabo.
Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn náà gba àwòrán,
ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó tún yí i sókè.
"Ìyá, ṣé oyin ló ta á?"
Dahabo wo Guled. Guled wo bàtà ara rẹ̀.
"Wàrà wà," ni obìnrin náà wí. "Jókòó."
Ó jókòó.
Ilẹ̀ gbóná lábẹ́ rẹ̀,
bí ilẹ̀ lásán ti í gbóná lọ́sàn-án.