Ohun Tí Àtàǹpàkò Kà

Ẹ̀rọ mẹ́ta ni mo ti ń wò láti ìgbà tí iṣu tuntun ti jáde,
mẹ́ta nínú fóònù tí gíláàsì rẹ̀ ti là,
nídìí àgbẹ̀dẹ bàbá mi ní Mọ̀pà.

Èkíní, owó rẹ̀ rọrùn, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dà bí omi aró.
Ó ń jó pákó, ó ń jó awọ, ó ń kọ orúkọ sí ìdí ìbọn geere,
ṣùgbọ́n bó bá dé orí irin, ó di àlejò:
àfi kí a kọ́kọ́ fi ọ̀dà kun irin lójú,
ká sì wá fi àkísà nù ún, kí nọ́ńbà bá ọ̀dà lọ.

Èkejì wà lọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan ní Lọ́kọ́ja. Ó ní,
"Mópà ni wọ́n ń pè é."
Bàbá mi gbójú sókè lẹ́nu ẹ̀wìrì:
"Ta ló fún wọn láṣẹ? Ọmọ ilé ta ni?"
A rẹ́rìn-ín títí Ẹníayéwù fi gbé ife omi rẹ̀ kalẹ̀.
Ẹ̀rọ tó ń jẹ́ orúkọ ìlú wa, tó ń kun irin láwọ̀:
pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ọrùn ẹyẹlé.
Ó wù mí. N ò ní í purọ́.
Ṣùgbọ́n ọdẹ wo ló ń wọ igbó
pẹ̀lú ìbọn tó ń dán bí aṣọ ìyàwó?

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n rí ìbọn kan he lọ́nà Ìsánlú,
ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́bàá rẹ̀.
Nọ́ńbà tí bàbá mi gbẹ́ síbẹ̀, ẹnìkan ti fi ayùn pa á rẹ́.
Ọdẹ mẹ́ta sun àtìmọ́lé ní Kàbà fún ọjọ́ mọ́kànlá
nítorí ibi dídán kan tí kò ju èékánná lọ.
Òṣàgbèmí ti ibẹ̀ dé, kì í yà sọ́dọ̀ wa mọ́.

Ẹ̀kẹta wúwo. Fáíbà ni, àádọ́ta wáàtì.
Yóò jẹ ọ̀kadà mi, yóò jẹ owó kajú ọdún méjì.
Ojú kan náà ló ń gbà lọ, nígbà ogún, nígbà ọgbọ̀n,
títí ọ̀rọ̀ á fi jinlẹ̀ nínú irin,
tó máa rẹ ayùn kó tó dé ìdí rẹ̀.

Wọ́n fi irin méjì ránṣẹ́ fún ìdánwò, nínú ọ̀rá búrẹ́dì.
Kùrukùru ti bo ojú bàbá mi, ìka ló fi ń kàwé.
Ó fi àtàǹpàkò ra ti Mópà: "Ó dán. Kò sọ nǹkan kan."
Ó ra ti fáíbà, ó dákẹ́, ètè rẹ̀ ń mì:
"Ẹẹ́ta. Òdo. Eéje. Eéje."
Ó tún un kà, bí ẹni ń pe orúkọ òkú.

Mo ní ṣé kí n kọ́ ẹ̀rọ náà ní ẹsẹ̀ ẹtù,
àmì tó ń fi sábẹ́ gbogbo ọ̀pá ìbọn tó bá rọ.
Ó ní, "Èyí tí mo fín lọ́dún tí a bí ọ tẹ̀ sí òsì.
Èyí tí mo fín lẹ́yìn ikú ìyá rẹ, ìka kan ò sí níbẹ̀.
Ẹ̀rọ rẹ mọ ìyẹn?"

N ò fèsì. Mo ń ṣírò epo jẹnẹrétọ̀.
Ẹníayéwù ní tòun lè gbé e,
bí a ò bá ṣáà tan fìríìjì.