Èyí, Tàbí Èyí

Ní Brandon, ilẹ̀ tẹ́jú bí ẹni tí kò ní àṣírí,
oko àlìkámà lọ títí, ó fẹnu ko ẹsẹ̀ ọ̀run.
Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ Sátidé, a taari ọkọ̀ náà jáde,
èmi lápá òsì, Orest lápá ọ̀tún,
pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí à ń mú àgbàlagbà jáde lọ yá oòrùn.

Ìjì lorúkọ tí àwọn tó kàn án sọ ọ́.
Àwọ̀ ewé, àwọ̀ amọ̀, ni wọ́n fi kùn ún
kí ọ̀tá tó wà lókè lè pè é ní igbó.
Lónìí, orí kọnkéré ló dúró sí, gbangba,
ọmọdé ń lá áísìkiriìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ taya rẹ̀.

Ìyá Agnes Sveinsson ní kí n ti àga òun sún mọ́ ọn.
Ó ku oṣù mẹ́ta kó pé ọgọ́rùn-ún ọdún.
Ọmọge ni nígbà tó ń kan ìṣó ní iléeṣẹ́ etí adágún,
ìyẹ́ kan tẹ̀lé ìyẹ́ kan, òru mọ́jú.
Ó bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó fi ìka wá orí ìṣó lára ìyẹ́
bí ẹni ń kàwé lókùnkùn.
"Èyí," ló wí. Ó rò ó wò. "Tàbí èyí."
Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn.

Iṣẹ́ tèmi ò tó nǹkan:
èmi ni mo ń di agolo apaná mú tí ẹ́ńjìnnì bá fẹ́ jí.
Orest, tí kò lè pe Mọ́rádéyọ̀ tán,
ní, "Mọ́rá, má ṣẹ́jú."
Abẹ̀bẹ̀ iwájú yí lẹ́ẹ̀kan, ó dúró.
Ó yí lẹ́ẹ̀kejì, ó húkọ́, ó tu èéfín
bí baba tí wọ́n jí kí oorun rẹ̀ tó tó,
lẹ́yìn náà, ó bú!
Àyà ni mo fi gbọ́ ọ, kì í ṣe etí.
Fìlà ń fò. Ajá kan sá wọ abẹ́ tábìlì.

Bàbá bàbá mi jagun dé Bọ́mà.
Ó ní nínú igbó yẹn, tí ìró bá ti bẹ̀rẹ̀ lókè,
àwọn a kọ́kọ́ dojú bolẹ̀ ná,
kí àwọn tó mọ̀ bóyá ìrẹsì ló ń já bọ̀ àbí ikú.
"Ìró kan náà ni," ni yóò wí,
yóò sì ṣa hóró tó bọ́ sórí ẹní padà sínú àwo.

Ìjì sáré, ìrù rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbéra,
lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ yọ̀ǹda rẹ̀.
Ó yí po àká ọkà, ó fi ẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀, a rí ikùn rẹ̀.
Gbohùngbohùn ń ka eré tó ń sá, ó ń ka iye ìbọn tó gbé nígbà náà.
Ọmọ kan tó wọ bàtà òjò bi Ìyá Agnes pé,
"Ṣé ó pa ènìyàn?"

Gbohùngbohùn ò dúró.
"Ìṣó ni mo kàn," ni màmá wí.
Ó pẹ́ díẹ̀.
"Irú rẹ̀ kan gbé Einar mi lọ.
Látìgbà náà ni mo ti ń bẹ̀bẹ̀
kó má jẹ́ pé ìṣó tèmi ló yọ."

Lédè tiwa, ọkọ̀ là ń pè é.
Kí ohùn yẹ̀ díẹ̀, ó di ọ̀kọ̀ tí í gúnni;
kó tún yẹ̀, ó di ọkọ tí kò padà wálé.
Mi ò sọ fún un. Kí ni mo fẹ́ fi túmọ̀ ohùn?

Ó balẹ̀, ó ta pọ́n-ún lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n pàtẹ́wọ́.
Mo ti àwo pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀ kó máa jò sí i.
Orest ní èyí tí kò bá jò, epo ló tán nínú rẹ̀.
Tó. Tó.

Nígbà tí mo ti màmá dé ẹnu bọ́ọ̀sì ilé àgbà,
epo dúdú ṣì wà ní ìka rẹ̀, kò jẹ́ kí n nù ún.
Àtàńpàkò rẹ̀ ń rìn lórí ìka náà,
ó ń lọ, ó ń bọ̀.