Ẹfun Ń Yọ Lẹ́ẹ̀mejì

Ọjọ́ kẹta tí a ti de orí ẹ́ńjìnnì náà padà,
Pẹ́jò bàbá mi, kátìsẹ́ńkátì, irinwó-ó-lé-mẹ́rin,
kọ̀, kò jí.
Ó wúkọ́ gba ẹnu kabirétọ̀,
iná fò jáde, ó jó irun ọwọ́ Fásínù,
àwọn tó ń ta epo inú ìgò ní òdìkejì títì
sáré ń kó ọjà wọn sẹ́yìn.

Ọ̀gá Lìádì kò gbọ́ ariwo yẹn.
Ogójì ọdún nídìí òòlù, ní Kétu níbí,
ti gba etí lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀tún kọ́kọ́, òsì tẹ̀lé e.
Èéfín ló rí. Ó ní, “Hẹ̀n-ẹ́n.
Ìgbà tó ń mí síta lẹ fún un níná.
Ta ní í ki òkèlè bọ ẹnu ẹni tó ń sín?”

Ó tú bújì àkọ́kọ́,
ó mú àtàńpàkò mi, ó fi dí ihò náà
bí ẹni ń dí ẹnu ìgò.
“Fásínù, yí i. Rọra.”
Àmì ẹfun tí a fà sára kẹ̀kẹ́ iwájú bọ́ sójú ìlà,
ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan lábẹ́ ìka mi.
“Irọ́ nìyẹn. Tún un yí.”
Ẹfun lọ sísàlẹ̀, ó tún ń bọ̀,
kí ó tó dé ni atẹ́gùn ti ń ti àtàńpàkò mi
bí imú ọmọ ewúrẹ́ tó ń wá ọmú.
“Òtítọ́ rèé.
Ẹfun ń yọ lẹ́ẹ̀mejì kí iná tó ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan.”

Ó dá Fásínù dúró nígbà tó ku ìbú èékánná kan
kí ó dé góńgó.
Mo fọwọ́ bi í: kí ló dé? Góńgó ṣì wà lókè.
Ó wò mí bí ọmọ tí kò dáná rí.
“Iná kì í ràn tán lójú ẹsẹ̀ tí a ṣá a.
Ẹni tó dúró dìgbà tí ebi pa àlejò
kó tó gbé omi kaná, ńkọ́?”

Bàbá mi, nígbà ayé rẹ̀,
òkùnkùn ló fi ń kó àgbàdo lọ sí Pobẹ̀.
Ìwàdùwàdù ni mo máa ń pè é.

Gílóbù kékeré kan, wáyà méjì.
Ọ̀gá fi ọwọ́ méjèèjì yí dẹ́líkò
bí a ti ń yí orí ọmọ tó sùn lódì sórí ìrọ̀rí.
Kò tàn. Kò tàn.
Ó tàn.
Ó na ọwọ́ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn, Fásínù fi sípánà lé e lọ́wọ́.
Wọ́n so wáyà: ení, ẹ̀ta, ẹ̀rin, èjì,
ònkà tí tíṣà mi ì bá torí ẹ̀ nà mí.

Ó jí.
Ọ̀gá ki ìdí tọ́nafísì onígi sáàárín eyín,
ó fi ẹnu rẹ̀ kan ara ẹ́ńjìnnì, ó dijú.
Eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló fi ń gbọ́ ọ.
Ó pẹ́ díẹ̀. Itọ́ ń kán sí i ní àgbọ̀n.

Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Ìdígní ló yíjú sí mi:
“Kí ló ń wí?”
Mo gbọ́ ọ, kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀,
òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo mílíìkì.
Ilẹ̀ ń ṣú. Ebi ń pa mí. Èmi nìkan ló sì ń gbọ́.
Mo mi orí.
Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú eruku pupa, ó tú nọ́ọ̀tì,
ó dá dẹ́líkò padà, kò tó ìbú òwú,
a tún gun òkè náà láti ìsàlẹ̀.

Mo na àtàńpàkò sókè, èyí tó dúdú yẹn.
Ó tẹ fèrè lẹ́ẹ̀mejì.
Títì dá páropáro, kò sí ẹnìkan níwájú wa.