Hóró Òfo

Mo ń ka hóró.
Iṣẹ́ mi nìyẹn ní ibùdó ìwádìí abẹ́ òkè ní Iwate:
kí n fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá tẹ hóró ìrẹsì lọ́kọ̀ọ̀kan.
Èyí tó bá le, ó lọ́mọ nínú.
Èyí tó bá rọ̀ pẹ̀ẹ́, èèpo lásán ni,
ilé tí wọ́n kọ́ tí ayálégbé ò dé.

Ẹ̀yin tó rò pé yìnyín ló ń pa ìrẹsì, ẹ má bínú,
yìnyín kọ́.
Inú oṣù keje ni, nígbà tí ewé tutù yọ̀yọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò fura,
tí ìrẹsì ti lóyún, tí ọmọ ṣì sùn sínú igi.
Afẹ́fẹ́ kan á wá láti orí òkun, yamase ni wọ́n ń pè é,
á ru kùrukùru bí ẹni ru ẹrù olè,
á jókòó sórí oko fún ọjọ́ mẹ́wàá.
Kò já ewé. Kò fa gbòǹgbò tu.
Lẹ́búlẹ́bú tó yẹ kó di bàbá nínú òdòdó ló ń pa,
ó ń pa á kó tó mọ̀ pé ọkùnrin lòun.

Ìyá àgbà mi, Kinuyo, rí i nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ.
Ó ní ìkórè dé, gbogbo orí ìrẹsì nà ṣánṣán.
Àlejò á ní, oko yìí mà dára o!
Bàbá rẹ̀ ṣí fìlà, ó sunkún.
Ohun tó kún ló ń wo ilẹ̀,
òfo kì í wúwo lọ́rùn.

Oko kan ṣoṣo ló tẹrí ba lábúlé wọn lọ́dún náà,
oko Usaku adití: ìrẹsì pupa onírùngbọ̀n
tí ń gúnni lọ́wọ́, tí ẹnikẹ́ni kì í rà.
Àpò kan tó fún wọn ni wọ́n fi rí ìgbà ìrúwé.
Ẹ̀kúnwọ́ kan ni wọn ò jẹ.
Láti ìgbà náà, ọdọọdún ni Kinuyo ń gbìn ín
sínú bákẹ́ẹ̀tì lẹ́yìnkùlé.

A wo inú rẹ̀. Lórí okùn àbùdá rẹ̀,
lẹ́tà kan yàtọ̀. Ẹyọ kan.
Bí ìgbà tẹ́nìkan pe ọkọ́, tí ẹnìkejì pe ọkọ̀:
àmì ohùn lásán ni,
síbẹ̀ ọ̀kan ń ro oko, ọ̀kan ń gbé ni sọdá omi.

Ká tó fi í ṣe ọkọ fún ìrẹsì aládùn,
a ri orí ìyàwó bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú méje,
kí lẹ́búlẹ́bú tirẹ̀ kú, kó lè gba ti àlejò.
Ẹ ò rí nǹkan! Ooru ń pa á, òtútù ń pa á.
Bàbá ìrẹsì, ẹlẹgẹ́ ni.

A ò tíì sọ ọmọ wọn lórúkọ, nọ́ńbà ló ń jẹ́.
Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ,
ilé tirẹ̀ sì ni kòtò omi tútù
tó bo oyún rẹ̀ mọ́lẹ̀ tọ̀sán tòru.

Lónìí mo ka ọgọ́rùn-ún hóró rẹ̀.
Mọ́kànléláàádọ́rin le.
Ti ìrẹsì aládùn tí wọ́n jọ wà nínú omi, méjìlá péré.
Mo tún un kà.
Masanori, ọ̀gá wa, tún un kà,
kò sọ nǹkan kan, ó lọ se tíì.

Mo sè díẹ̀ lọ fún Kinuyo.
Erìgì lásán ló fi ń jẹ ẹ́, ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.
"Ó le. Ó ń rùn bí koríko."
Mo ní mo mọ̀. Mo ní ibi tí ìfaradà wà lórí okùn náà,
ibẹ̀ ni àìládùn náà wà, wọ́n lẹ̀ mọ́ra,
kí a tó yà wọ́n á gba ọdún méje, bóyá mẹ́jọ.
Kò dá mi lóhùn. Ó na abọ́ sí mi.
"Òun ló jẹ́ kí n dàgbà débi tí mo fi bí ìyá rẹ.
Bu iyọ̀ wá."